Owó Wa Tó Wà Lọ́wọ́ Yín: Ẹ̀bẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Sí Àwọn Ọ̀gá Báńkì

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà lórí àga olùdarí àgbà ní àwọn báńkì ilẹ̀ yìí, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyẹmí Cardoso, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN), ọwọ́ wa wà lẹ́yìn fún ẹ̀yin náà. Ẹ ti ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ọrọ̀ ajé ní ìpínlẹ̀ Èkó rí, ẹ mọ ọ̀nà Ìkòròdú, ẹ mọ ti Ẹ̀pẹ́, a kò ní máa júwe ilé fún onílé.

Ọmọ ilé-ìwé ni wá. Àwọn kan nínú wa wà ní LASUSTECH ní Ìkòròdú, àwọn kan ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọgbà LASU tó wà ní Ẹ̀pẹ́, àwọn kan ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Noforìjà. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn wa, kò sì sí òyìnbó tó rán wa níṣẹ́. A mọ̀ pé ìyẹn ni àwọn kan yóò kọ́kọ́ sọ.

Owó wa tó wà lọ́wọ́ yín ló mú wa kọ̀wé. Kì í ṣe owó ńlá. Owó ilé-ìwé tí bàbá ẹnì kan fi kẹ̀kẹ́ Márúwá pa, èyí tí ìyá ẹnì kan rí nínú ẹja yíyan, owó àjọ tí ó yípo kan ẹnì kan lóṣù tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá kó tó dé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Owó tó bá sì dé ọ̀dọ̀ yín kì í sùn. Ẹ ó yá ẹlòmíràn, ẹ ó gba èlé, a gbà pé iṣẹ́ yín nìyẹn. Ohun tí à ń béèrè ni ta ni ẹ yá, kí ló sì fi owó náà ṣe.

Ó ti pẹ́ tí epo rọ̀bì àti gáàsì ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí àwọn báńkì Nàìjíríà ń yá jáde. Ní nǹkan bí ọdún 2016, bí ẹ bá pín gbogbo ẹ̀yáwó yín sọ́nà mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odidi ìdá kan ló wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ epo. Èyí tó kan àgbẹ̀ nínú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má ṣe fi owó wa gbẹ́ kànga epo tuntun mọ́, kí ẹ má sì fi ra kànga àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ẹni tí yóò tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Kí ẹ máa sọ fún wa ní gbangba, lọ́dọọdún, iye owó tó wà nínú epo. Kí díẹ̀ nínú owó náà sì padà wá sí àdúgbò tí ẹ ti kó o, kó wá di iná oòrùn fún àwọn tó ni ín.

Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kan kúrò. Ibùdó amúnáwá Egbin wà ní Ìjẹ̀dẹ́, nínú Ìkòròdú wa níbí. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló ní, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,320, láti àárín àwọn ọdún 1980 ló ti ń ṣiṣẹ́, gáàsì sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pa Egbin lónìí, onítọ̀hún kò gbé Ìkòròdú, bóyá kò tilẹ̀ gbé Nàìjíríà. A ti kàwé lábẹ́ iná yẹn nígbà tó bá wà. Nígbà tí kò bá sí, àárín ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò la ti kàwé, èéfín rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nítorí náà a kò sọ pé kí gáàsì tó ti ń jó kú lọ́la. Ọ̀rọ̀ wa kan èyí tí a kò tíì gbẹ́. Kànga tí ẹ bá yá ènìyàn lówó fún lónìí, ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún ni wọn yóò fi máa fa epo nínú rẹ̀ kí gbogbo owó àti èrè tó pé. Ààrẹ Buhari sì ti dúró níwájú gbogbo ayé ní Glasgow, ní oṣù Kọkànlá 2021, ó ní nígbà tó bá fi máa di 2060, Nàìjíríà kò ní máa tú èéfín tó ń mú ayé gbóná sójú ọ̀run ju èyí tó lè kó kúrò lọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nínú wa báyìí yóò ti lé ní àádọ́ta nígbà náà. Tí wọ́n bá ti kànga yẹn pa kí gbèsè rẹ̀ tó tán, ta ni yóò san ìyókù?

A kò bá ilé ìfọpo Dangote jà náà. Ìbẹ́jú-Lẹ́kí ló wà, àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́ ṣì ń ka ibẹ̀ mọ́ ẹkùn wọn, àwọn ará ilé wa wà lára àwọn tó ń jí lọ síbẹ̀ lóròòwúrọ̀. Àgbá epo 650,000 ni wọ́n kọ́ ọ láti máa fọ̀ lójúmọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n ṣí i. Kí a fọ epo wa nílé sàn ju kí a gbé e lọ sí Yúróòpù kí a tún lọ rà á padà wá. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 2013, nígbà tí ilé ìfọpo náà ṣì wà lórí ìwé, àwọn báńkì ilẹ̀ yìí àti ti òkèèrè para pọ̀, wọ́n kó ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 3.3 dọ́là jọ fún un. Standard Chartered àti GTBank ló ṣáájú wọn. Ọdún mẹ́wàá ló gbà kí ibẹ̀ tó ṣí. Iye owó tí wọ́n fi kọ́ ọ wá lọ sókè títí ó fi di nǹkan bí ogún bílíọ̀nù dọ́là. Ẹ ní sùúrù, ẹ fara dà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa, kí ló dé tí sùúrù yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo?

Gbogbo Èkó ló mọ ẹja Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń ti Lẹ́kí àti Ajah wá rà á lọ́jọ́ ìsinmi kò níye. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀ ní kùtùkùtù, tí oníbàárà ò bá tètè dé, oòrùn ọ̀sán ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba iye owó rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Yìnyín ni wọ́n fi ń dá a dúró. Jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe yìnyín náà nígbà tí iná bá lọ, epo ló ń bọ́ jẹnẹrétọ̀, owó epo sì ti kọjá ohun tí ẹnu ń sọ láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́. Èyí tí kò bá rí yìnyín, orí ààrò ni yóò lọ: igi àti èéfín, ojú pípọ́n, ikọ́. Owó iná ìjọba ń kọ́? Ní oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé ti àwọn oníná Band A láti náírà 68 lọ sí 225 fún yúníìtì kan. Kò sí ẹja tó lè gbé ìyẹn.

Ó sì ní ohun tí wọ́n ti ṣe sí irú ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ yìí kan náà. Ní Òwèrè, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Nnaemeka Ikegwuonu dá ilé-iṣẹ́ ColdHubs sílẹ̀. Yàrá tútù tó ń lo iná oòrùn ni wọ́n ń gbé sínú ọjà. Àwọn tó ń ta èso àti ewébẹ̀ ń gbé àpótí ẹrù wọn síbẹ̀, wọ́n ń san owó kékeré lójúmọ́ lórí àpótí kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìdí tí irú rẹ̀ kò fi lè wà ní Olúwo, ní Ẹ̀jìnrìn, ní Báyékù, àti ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ níbi tí àwọn apẹja Ìkòròdú ń gúnlẹ̀ sí, àyàfi owó tí wọn yóò kọ́kọ́ fi ra pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Bí obìnrin ọjà bá wá sí ẹ̀ka yín láti yá a, ìwé ilẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà onídùúró méjì, lẹ́yìn náà èlé tó lè lé ní ọgbọ̀n lórí ọgọ́rùn-ún. Wọn a ní ewu pọ̀ nínú sólà.

Ewu. Ẹ jẹ́ kí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé orí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àgbà ni yín, ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọmọdé ni wá ní oṣù Kẹjọ 2009 tí Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà CBN nígbà náà, yọ àwọn olùdarí àgbà báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan. Àwọn tó jí owó wà níbẹ̀, àwọn tó fi owó báńkì ra ìpín wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó yá owó láti kó epo wọlé wà nínú àwọn tó jẹ gbèsè náà pẹ̀lú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba dá AMCON sílẹ̀ láti máa ra gbèsè tí kò ṣeé san. Ó di 2014. Àgbá epo kan tó ń lọ lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là ní àárín ọdún náà já wálẹ̀ títí kò fi tó ọgbọ̀n dọ́là ní oṣù Kìíní 2016. Gbèsè tí kò ṣeé san nínú ìwé yín fò kọjá ìlọ́po méjì ìwọ̀n márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún tí CBN fi lélẹ̀. Nígbà tó yá ni CBN gba àwọn báńkì kan láàyè láti má tíì ka àwọn gbèsè kan sí gbèsè tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà 2025, lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Cardoso, ìwé jáde pé kí gbogbo báńkì tó ṣì wà lábẹ́ àánú yẹn dá èrè orí ìpín dúró, kí wọ́n dá owó ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá dúró, kí wọ́n má sì fi owó kún ẹ̀ka wọn ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù wá lọ èyí tí ẹ̀yáwó epo kó nínú rẹ̀. Àwọn òbí wa tó ra ìpín ni kò rí nǹkan gbà.

Òwe kan wà nípa àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn. Tótó, a kò ní pa á fún yín. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nembe, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Shell ta ilẹ̀ epo tí wọ́n ń pè ní OML 29, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan, Aiteo, ló rà á, ní 2015. Inú wa dùn pé ọmọ ilẹ̀ yìí ló rà á. Báńkì Nàìjíríà wà lára àwọn tó yá a lówó. Ní oṣù Kọkànlá 2021, orí kànga kan ní odò Santa Barbara bú, epo àti gáàsì ń tú sókè bí omi tí páìpù rẹ̀ já, ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó rí i dí. Àwọn apẹja tó ń fi odò yẹn jẹun kò ní àkáǹtì ní òkè òkun, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Báńkì Nàìjíríà ni àwọn náà ń lò. Ṣé ẹ rí i? Owó apẹja Ẹ̀pẹ́ lè wà nínú ohun tó ba odò apẹja Nembe jẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì má sì mọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó ti ń ta èyí tó kù lórí ilẹ̀ àti nínú òkun tí kò jìn, Eni, ExxonMobil, Shell fúnra rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ wa sì ń rà á pẹ̀lú owó tí wọ́n yá. Páìpù àtijọ́ ni wọ́n ń rà, ilẹ̀ tó ti rin epo láti ìgbà àwọn bàbá wa. Bí ẹnì kan bá wá bá yín fún owó láti ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé tí yóò fi hàn iye owó tó yà sọ́tọ̀ láti tún un ṣe. Bí ìwé náà kò bá sí, kí ẹ̀yáwó náà má sí.

Ọ̀rọ̀ omi wá ńkọ́? A kò fẹ́ purọ́ mọ́ ojú ọjọ́. Ìkún omi tó lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀, Ìtòwòlò, Májídùn àti Owódé Onírin jáde nínú ilé ní oṣù Kẹwàá 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán wà nínú rẹ̀, ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi wà nínú rẹ̀, gọ́tà tí a kì í kó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tó ń wá báyìí kì í wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó lè dá dúró ní oṣù Kẹjọ títí àgbàdo yóò fi gbẹ, kó wá da gbogbo ohun tó kù sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ń rò pé ìgbì òkun kò ní sún, kó lọ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo ayé ń wá wò nígbà kan fún ìwà létòlétò rẹ̀. Òkun ti gbé àwọn òpópónà lọ níbẹ̀, ó gbé ilé-ìwé, ó ń gbé ilé lẹ́yìn ilé. Èkó pẹ̀lú wà létí òkun kan náà. Àwọn ilé tí ẹ gbà gẹ́gẹ́ bí ìdúró fún ẹ̀yáwó láti Ajah dé Ẹ̀pẹ́, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò omi mọ́ iye wọn?

Àwọn kan yóò ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ nínú ibi tí báńkì ń fi owó sí. Nàìjíríà gan-an ló kọ́ wa. Ní oṣù Kẹta 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba kó owó wọn kúrò ní Barclays Bank Nigeria, nítorí pé Barclays kò fẹ́ kúrò ní South Africa níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ dá ènìyàn lẹ́jọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń gbèjà bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀. Ọdún kejì, báńkì náà yí orúkọ padà sí Union Bank, èyí tí àwọn ìyá wa ṣì ń lò ní Ìkòròdú títí di òní. Ní òpin oṣù Keje ọdún náà, 1979, ìjọba kan náà gba ilé-iṣẹ́ epo BP lọ́wọ́ àwọn òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ South Africa yìí kan náà. African Petroleum ni wọ́n sọ ọ́ dà. Báńkì àti epo, láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún sí ara wọn! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Bìrìtìkó kò sì yéé pàdé níwájú ẹ̀ka Barclays, tí wọ́n ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n má ṣí àkáǹtì níbẹ̀, títí báńkì náà fi kó jáde ní South Africa ní 1986. Bí a bá ka ìtàn yẹn, a kì í rò pé ọ̀rọ̀ ibi tí owó ń lọ kọjá ti akẹ́kọ̀ọ́.

Láti nǹkan bí 2011 ni àwọn ọmọ ilé-ìwé Swarthmore ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí yunifásítì kó owó rẹ̀ kúrò nínú epo àti èédú. Yunifásítì Glasgow ni àkọ́kọ́ tó gbà ní Yúróòpù, ní 2014. A kò fẹ́ tẹnu mọ́ ìyẹn púpọ̀, nítorí ó rọrùn fún ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀. Èyí tó sún mọ́ wa ni ti Uganda. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní kí báńkì má fi owó sí páìpù epo EACOP, tí yóò gùn tó 1,443 kìlómítà láti Hoima dé etí òkun Tanga ní Tanzania. Ní 2022, ọlọ́pàá kó àwọn kan nínú wọn ní Kampala lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń lọ jíṣẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀. Standard Chartered kúrò nínú rẹ̀ ní 2023. Standard Bank ti South Africa, tí òun ló ni Stanbic tó wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, kò kúrò. Ní oṣù Kẹta 2025, òun àti Stanbic Uganda wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fowó sílẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, Adénìkẹ́ Ọládọ̀sù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó kàwé ní yunifásítì ọ̀gbìn ní Mákúrdí, ti ń ké lórí ojú ọjọ́ láti 2018. Ó ti dé ìpàdé àgbáyé ní Madrid. A kò tíì rí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ́gbọ́n dání.

Ó sì yẹ kí a rán yín létí pé a kò béèrè ohun tuntun. Ẹ̀yin ni ẹ ti fọwọ́ síwèé. Ní oṣù Keje 2012, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá báńkì àti CBN gba ìlànà mẹ́sàn-án fún iṣẹ́ báńkì tí kì í ba ayé jẹ́. Ẹ ní ẹ ó máa wo ohun tí ẹ̀yáwó yín ń ṣe sí ilẹ̀ àti sí ènìyàn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni pé ẹ ó máa ròyìn rẹ̀ síta. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ kọ ìtọ́sọ́nà pàtàkì fún: ọ̀gbìn, iná mànàmáná, àti epo òun gáàsì. Ọdún kejì tí àwọn kan nínú wa wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ ṣe é. Òfin ojú ọjọ́ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá 2021 tún fi kún un: ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ètò láti dín èéfín rẹ̀ kù lọ́dọọdún, kó sì yan ẹni tí yóò máa bójú tó o. Kò sí báńkì nínú yín tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju àádọ́ta lọ. A ti ka ìwé ìṣirò ọdọọdún tí àwọn kan nínú yín tẹ̀ jáde. A rí àwòrán igi tí wọ́n gbìn. A rí iye pépà tí wọ́n dín kù. Ìyẹn dára, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹni tó gbin igi ogún síwájú báńkì, tó wá yá ènìyàn lówó láti gbẹ́ kànga epo, igi ogún yẹn kọ́ ni iṣẹ́ tó ṣe lọ́dún náà.

A sì mọ̀ pé ẹ lè ṣe ju ìyẹn lọ. Ní 2019, Access Bank ta ìwé gbèsè aláwọ̀ ewé bílíọ̀nù 15 náírà, ìyẹn owó tí wọ́n yá láti fi ṣe kìkì iṣẹ́ tí kì í ba àyíká jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ti ta tirẹ̀ ṣáájú wọn, bílíọ̀nù 10.69, ní òpin 2017. Àwọn ènìyàn rà á. Láti 2024, CBN tún ní kí báńkì tó bá ń ṣiṣẹ́ kọjá ààlà Nàìjíríà ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 500 náírà, ó fi ìparí oṣù Kẹta 2026 ṣe gbèdéke. Ẹ bọ́ síta, ẹ polówó ìpín lórí rédíò, àwọn olùkọ́ wa rà, àwọn ìyá wa rà. Owó tuntun nìyẹn. Kò tíì di kànga ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pín in, ẹ rántí wa.

Gómìnà Cardoso, èyí tó kan yín kò le. Ẹ lè fi ìwé ojú ewé kan péré pàṣẹ kí báńkì kọ̀ọ̀kan tẹ iye owó rẹ̀ tó wà nínú epo, gáàsì àti èédú jáde lọ́dọọdún, kó sì kọ èyí tó jẹ́ ti kànga tuntun sọ́tọ̀. Ẹ ti ṣe ìwé tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 2025, ọ̀run kò sì wó. Ẹ tún lè dín iye owó ìpìlẹ̀ tí báńkì gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó sólà kékeré kù, kí máníjà ẹ̀ka Ẹ̀pẹ́ má baà máa bẹ̀rù àti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin olùdarí, a ń bọ̀ wá rí àwọn ẹ̀ka yín, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́. A kò ní dí ọ̀nà, a kò ní jó táyà. A mọ ohun tí ìyẹn máa ń dà. Ẹni kọ̀ọ̀kan yóò mú káàdì báńkì rẹ̀ àti ẹ̀dà ìwé yìí dání, yóò tò sórí ìlà bí oníbàárà, yóò sì béèrè nígbà tó bá kàn án: nínú owó tí mo fi sọ́dọ̀ yín, èló ló wà nínú epo? Bí máníjà ẹ̀ka kò bá ní àṣẹ láti dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹni tó ní in sí wa lọ́jọ́ náà.